Ṣé kámẹ́rà kékeré olówó gọbọi tó owó tí wọ́n ń pè é? Ohun mẹ́fà tó yẹ kí ẹ dán wò kẹ́ ẹ tó rà á ní Abidjan

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kì í wáyé lẹ́ẹ̀mejì fún ọmọ kan. Bí ojú ìyá ọmọ bá ṣú nínú fọ́tò débi pé a kò rí imú àti ẹnu rẹ̀ dáadáa, tàbí tí ọwọ́ ìyá àgbà bá rí bàìbàì nígbà tó ń fi oyin kan ọmọ lẹ́nu, kò sí ẹni tó máa pe àlejò padà pé kí wọ́n wá tún un ṣe.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ kámẹ́rà kò fi jẹ́ ọ̀rọ̀ fáàrí lásán fún ẹni tó ń fi fọ́tò jẹun ní Abidjan. Ó tún ti di ọ̀rọ̀ owó ńlá, pàápàá nítorí àwọn kámẹ́rà kékeré kan tó lè wọ àpò ẹ̀wù, àmọ́ tí owó wọn ju ti ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ńlá lọ.

Ẹ wo Fujifilm X100VI gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde ní oṣù Kejì ọdún 2024, 1,599 dọ́là ni iye tí wọ́n fi lé e ní Amẹ́ríkà. Bí ẹ bá ṣẹ́ ẹ sí owó CFA, ó súnmọ́ mílíọ̀nù kan, láì tíì ka owó ẹrù àti owó aṣọ́bodè.

Ní Côte d'Ivoire, 75,000 CFA ni owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin là kalẹ̀ láti ọdún 2023. Èyí túmọ̀ sí pé kámẹ́rà kan ṣoṣo lè gba owó iṣẹ́ ọdún kan gbáko lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, kó sì tún ṣẹ́kù.

Báwo wá lẹ ṣe máa mọ̀ bóyá àwòrán rẹ̀ dára tó bẹ́ẹ̀? Ohun tí wọ́n kọ sára páálí kò lè sọ ọ́ fún yín. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa dán an wò, lára irú èèyàn tẹ́ ẹ fẹ́ máa yà, nínú irú ìmọ́lẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ máa lò.

Fọ́tò yíyà kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá ní Côte d'Ivoire

Ó ṣòro kí ẹ tó rí ọmọ Èjìgbò, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí kò ní ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ kan ní Abidjan. Ìrìn àjò láti ìlú náà lọ sí Côte d'Ivoire ti pẹ́ débi pé wọ́n ń gbọ́ èdè Faransé ní Èjìgbò fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ lọ ṣòwò. Ṣùgbọ́n láàrin àwọn Yorùbá tó lọ sí orílẹ̀-èdè náà, àwọn kan wà tó jẹ́ pé fọ́tò ni wọ́n ń yà.

Òpìtàn Érika Nimis tẹ ìwé kan jáde ní èdè Faransé lọ́dún 2005, èyí tó dá lórí àwọn oníṣẹ́ fọ́tò Yorùbá ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ìwé náà tọ ipasẹ̀ àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, tí wọ́n gbé kámẹ́rà wọn kọjá ẹnubodè, tí wọ́n sì lọ ṣí sítúdíò nílẹ̀ onílẹ̀.

Àwọn ọ̀gá àtijọ́ yìí mọ fíìmù wọn bí alásè ṣe mọ iyọ̀ rẹ̀. Orí bébà ni wọ́n ti ń mọ̀ bóyá iṣẹ́ dára, nítorí pé bébà náà ni oníbàárà máa mú lọ sílé. Lóde òní, ẹni tó ń ta kámẹ́rà lè máa ka oríṣiríṣi nọ́ńbà fún yín, kó sì ṣòro láti mọ èyí tó wúlò nínú wọn.

Irú kámẹ́rà wo là ń sọ?

Kámẹ́rà tí à ń sọ yìí ní lẹ́ńsì kan ṣoṣo tí kò ṣeé yọ. Ara rẹ̀ kéré, àmọ́ sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ tóbi ju ti kámẹ́rà kékeré tí gbogbo èèyàn mọ̀ lọ. Sẹ́ńsọ̀ ni ohun pẹlẹbẹ inú kámẹ́rà tí ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ lé lórí. Òun ló rọ́pò fíìmù.

Tí ẹ bá fi bí sẹ́ńsọ̀ wọn ṣe tóbi tó pín wọn, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín sí:

• Àwọn tí wọ́n ń pe sẹ́ńsọ̀ wọn ní "ínǹṣì kan". Lára wọn ni Sony RX100 tó kọ́kọ́ jáde lọ́dún 2012 àti Canon PowerShot G7 X Mark III ti ọdún 2019. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín jẹ o. Mìlímítà 13.2 ní ìbú àti 8.8 ní gíga ni sẹ́ńsọ̀ náà, kò ju nǹkan bí ìdajì ínǹṣì lọ. Ara gílóòbù tí wọ́n ń lò nínú kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n láyé àtijọ́ ni wọ́n ti mú orúkọ náà.

• Àwọn tí sẹ́ńsọ̀ wọn ń jẹ́ APS-C, tó tó nǹkan bíi mìlímítà 23.5 sí 15.6. Ricoh GR III ti ọdún 2019 àti Fujifilm X100VI wà lára wọn.

• Àwọn tí sẹ́ńsọ̀ wọn tóbi tó ojú fíìmù àtijọ́, ìyẹn mìlímítà 36 sí 24. Sony RX1 ti ọdún 2012 àti Leica Q3 ti ọdún 2023 wà níbẹ̀. Àwọn ló wọ́n jù.

Kí ló dé tí títóbi sẹ́ńsọ̀ fi ṣe pàtàkì?

Ẹ gbé abọ́ ọbẹ̀ kan àti agbada kan sí àgbàlá nígbà tí òjò bá ń rọ̀. Òjò kan náà ló ń rọ̀ sí méjèèjì, àmọ́ omi tí agbada máa gbà pọ̀ ju ti abọ́ lọ nítorí pé ẹnu rẹ̀ fẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ni òjò yìí, sẹ́ńsọ̀ sì ni agbada.

Sẹ́ńsọ̀ inú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kékeré olówó pọ́ọ́kú kò ju nǹkan bíi mìlímítà 28 níbùú lóròó lọ. Ti "ínǹṣì kan" fẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀. Ti APS-C fẹ̀ tó ìlọ́po 13, ti èyí tó tóbi jù sì tó ìlọ́po 30.

Lójú oòrùn Abidjan, òjò pọ̀, gbogbo abọ́ ló ń kún. Ìdí nìyí tí fọ́tò tí ẹ bá yà lójú títì ní ọ̀sán fi máa ń dára pẹ̀lú kámẹ́rà yòówù. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, tí ìmọ́lẹ̀ ń kán tótó, ni ẹ máa tó rí ìyàtọ̀.

Lẹ́ńsì náà ní ipa tiẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ pẹ̀lú lẹ́tà "f" ló ń sọ bí ojú lẹ́ńsì ṣe lè là tó. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe kéré tó ni ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé ṣe pọ̀ tó. Lẹ́ńsì f/2 ń gba ìlọ́po méjì ìmọ́lẹ̀ tí f/2.8 ń gbà.

Ẹ ṣọ́ra fún lẹ́ńsì tó ń fa nǹkan súnmọ́. RX100 àkọ́kọ́ jẹ́ f/1.8 tí ẹ kò bá fà á rárá. Tí ẹ bá fà á dé òpin, ó di f/4.9. Ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé á wá dín kù sí nǹkan bí ìdá kan nínú méje. Bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ pé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn lẹ ti máa ń ya ìyàwó àti ọkọ lálẹ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gan-an.

Ṣé megapixel púpọ̀ ló ń mú àwòrán dára?

Megapixel ni iye ẹyọ tótó kéékèèké, ní mílíọ̀nù mílíọ̀nù, tó para pọ̀ di àwòrán. RX100 àkọ́kọ́ ní 20, GR III ní 24, X100VI ní 40, Leica Q3 sì ní 60.

Ẹ jẹ́ ká fi bébà wọ̀n ọ́n. Láti tẹ fọ́tò tó tóbi tó bébà A4 kó sì mọ́ dáadáa, nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́sàn-án tótó ti tó. Fún A3, tó jẹ́ ìlọ́po méjì A4, ẹ nílò nǹkan bíi mílíọ̀nù 17 àti ààbọ̀. Ìyẹn ni pé kámẹ́rà tó ní 20 ti lè ya fọ́tò tí oníbàárà máa gbé kọ́ ògiri pálọ̀ rẹ̀.

Bákan náà, 40 kò túmọ̀ sí pé àwòrán fẹ̀ ní ìlọ́po méjì ti 20. Fọ́tò 20 megapixel ní tótó 5,472 láti ọ̀tún dé òsì. Ti X100VI ní 7,728. Ohun tó fi jù ú lọ kò tó ìdajì.

Megapixel púpọ̀ wúlò tí ẹ bá fẹ́ gé apá kan nínú fọ́tò jáde. Àmọ́ ó ń gba àyè púpọ̀ lórí mẹ́mọ́rì káàdì, ó sì ń mú kí kọ̀ǹpútà tí kò lágbára máa fà. Tó bá sì jẹ́ WhatsApp nìkan ni oníbàárà ti máa wò ó, WhatsApp máa gé púpọ̀ nínú rẹ̀ dànù kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ohun mẹ́fà tó yẹ kí ẹ dán wò

1. Ẹ mú mẹ́mọ́rì káàdì tiyín dání

Ẹ má fi ojú gíláàsì ẹ̀yìn kámẹ́rà ṣe ìdájọ́. Ó kéré, ó sì ń tàn ju bó ṣe yẹ lọ, fọ́tò tí kò dára lè dán lórí rẹ̀. Ẹ fi káàdì yín sínú kámẹ́rà, ẹ ya fọ́tò, kí ẹ sì lọ wò ó lórí kọ̀ǹpútà.

Ẹ ní kí kámẹ́rà náà tọ́jú fọ́tò kọ̀ọ̀kan ní RAW àti JPEG papọ̀. JPEG ni oúnjẹ tí kámẹ́rà ti sè, tó ti fi iyọ̀ àti ata sí. RAW ni èròjà tútù. Bí JPEG bá dára tí RAW kò dára, ẹ ti mọ̀ pé ọwọ́ alásè ló dùn, kì í ṣe ẹran.

2. Ẹ ya ìwé ìròyìn tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri

Ẹ ra Fraternité Matin kan, ẹ tẹ́ ojú ewé rẹ̀ mélòó kan mọ́ ògiri. Ẹ dúró gbọnrangandan níwájú rẹ̀ kí ẹ sì yà á. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ka ọ̀rọ̀ tó wà láàárín, lẹ́yìn náà kí ẹ ka èyí tó wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Kò sí lẹ́ńsì tí igun rẹ̀ mọ́ tó àárín dọ́gbadọ́gba. Àmọ́ bí igun kan bá rí bàìbàì tí àwọn mẹ́ta yòókù sì mọ́, ó ṣeé ṣe kí lẹ́ńsì náà wọ́. Ẹ béèrè òmíràn. Èyí ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń ya ẹbí ńlá, nítorí pé ẹni tó dúró ní ìpẹ̀kun ìlà náà sanwó.

3. Ẹ ya ẹni tó dúdú tó wọ aṣọ funfun ní ọ̀sán gangan

Bóyá ìdánwò tó le jù nìyí. Abidjan súnmọ́ ìlà agbedeméjì ayé, oòrùn ọ̀sán sì máa ń dé orí èèyàn tààrà. Òjìji á bo ojú, léèsì funfun á sì máa tàn yanranyanran.

Bí kámẹ́rà ṣe ń wọn ìmọ́lẹ̀ ni pé ó ń gbìyànjú láti sọ gbogbo ohun tó rí di eérú, kó má dúdú jù, kó má sì funfun jù. Tó bá rí léèsì funfun tó pọ̀, á mú kí gbogbo fọ́tò ṣókùnkùn, ojú ẹni tó wọ̀ ọ́ á sì ṣú.

Ẹ wo nǹkan méjì lórí kọ̀ǹpútà: ṣé ẹ ṣì ń rí iṣẹ́ ara léèsì náà, àbí ó ti di funfun pẹ̀ẹ̀? Ṣé ẹ ń rí ojú, ìpéǹpéjú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ onítọ̀hún? Kámẹ́rà tó lè gba méjèèjì nínú fọ́tò kan náà ló yẹ kó gba owó yín. Bó bá ní fíláàṣì, ẹ tún fi yà á. X100VI àti G7 X Mark III ní tiwọn, GR III àti Leica Q3 kò ní.

Ẹ wo àwọ̀ náà pẹ̀lú. Ṣé dúdú tó ń dán ni, àbí ó ti di eérú tàbí pupa? Ọ̀rọ̀ yìí ní ìtàn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilé iṣẹ́ Kodak ń fi káàdì tí wọ́n ń pè ní "Shirley" ránṣẹ́ sí àwọn tó ń fọ fíìmù. Obìnrin aláwọ̀ funfun ló wà lórí rẹ̀, awọ ara rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń díwọ̀n àwọ̀ tó tọ́. Àwọ̀ dúdú kò sí nínú òṣùwọ̀n náà. Nǹkan bí ọdún 1990 sí 1999 ni Kodak tó ṣe káàdì tó ní obìnrin oríṣiríṣi àwọ̀.

Kámẹ́rà òde òní ti dára ju fíìmù ìgbà náà lọ, àmọ́ ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣì ní bó ṣe ń se àwọ̀ tirẹ̀. Ẹ má gba fọ́tò ìpolówó gbọ́. Ẹ ya ẹ̀gbọ́n yín.

4. Ẹ yà á lálẹ́

Láàrin aago mẹ́fà sí méje ìrọ̀lẹ́ ni oòrùn ń wọ̀ ní Abidjan, ilẹ̀ sì máa ń ṣú kíákíá. Ẹ ya ẹnì kan náà ní ibì kan náà ní ìgbà mẹ́rin, pẹ̀lú ISO 800, 1600, 3200 àti 6400. ISO ni bí kámẹ́rà ṣe ń mú kí ìmọ́lẹ̀ kékeré tó gbà hàn gẹ́gẹ́ bí púpọ̀.

Bí ISO ṣe ń lọ sókè, ẹ máa rí kóró kéékèèké bí iyanrìn lórí awọ. Kámẹ́rà náà lè gbìyànjú láti nù ún kúrò, àmọ́ tó bá nù ún jù, awọ á máa dán bí ike. Bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún kò gbọ́dọ̀ jáde bí ọmọ ogún ọdún. Ẹ wo òwú ara aṣọ òkè àti ìṣẹ́po gèlè: tí wọn kò bá hàn mọ́, ISO yẹn ti ju agbára kámẹ́rà náà lọ.

Bí ẹ bá sì lo ọ̀nà ìyàwòrán tí kì í dún, tí ẹ wá rí ìlà dúdú gbọọrọ lára fọ́tò, iná ìlẹ́ńtíríìkì ló fà á. Ọ̀pọ̀ iná ló ń ṣẹ́jú láì jẹ́ kí ojú wa mọ̀. Ẹ padà sí ọ̀nà tó ń dún.

5. Ẹ ya ẹni tó ń jó

Ẹ ní kí ẹnì kan máa rìn bọ̀ lọ́dọ̀ yín, kí ẹ sì ya fọ́tò mẹ́wàá. Ẹ ka iye èyí tí ojú rẹ̀ mọ́ dáadáa nínú wọn. Tó bá jẹ́ mẹ́ta péré ni, ẹ rò ó wò kí ẹ tó gbé e lọ sóde ìnáwó.

Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà òde òní, títí kan GR III àti X100VI, ní ohun tó ń dín gbígbọ̀n ọwọ́ kù. Ọwọ́ tiyín ló ń bá wí o, kì í ṣe ẹsẹ̀ ẹni tó ń jó. Ẹni tó ń jó nílò kí kámẹ́rà ṣí kó sì pa dé kíákíá, bí ìdá kan nínú 250 ìṣẹ́jú àáyá. Ìyẹn tún nílò ìmọ́lẹ̀, ó sì dá wa padà sọ́dọ̀ agbada.

6. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde

Ẹ mú fọ́tò méjì tó dára jù nínú ti ọ̀sán àti ti alẹ́ lọ sí ibi tí ẹ ti máa ń tẹ fọ́tò. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde ní A4 kí ẹ fi han ẹni tó wà nínú rẹ̀. Bó bá ní, "Èmi nìyí," iṣẹ́ ti ń lọ dáadáa. Bó bá ní kámẹ́rà sọ òun di ẹlòmíì, ẹ gbọ́ ohun tó sọ.

Ṣé fóònù kò wá tó?

Ó lè tó, ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi fọ́tò ṣe ló máa sọ. Ní Abidjan kan náà ni wọ́n ti bí ayàwòrán Joana Choumali lọ́dún 1974. Lẹ́yìn tí àwọn agbébọn ṣọṣẹ́ létí òkun Grand-Bassam ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2016, ó padà lọ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó sì fi fóònù ya àwọn èèyàn níbi tí wọ́n ti dá dúró tàbí tí wọ́n dá jókòó.

Ó tẹ àwọn fọ́tò náà sórí aṣọ, ó wá fi abẹ́rẹ́ àti òwú aláwọ̀ ṣe iṣẹ́ sí wọn lára. Iṣẹ́ náà, "Ça va aller", ló gba ẹ̀bùn Prix Pictet fún un lọ́dún 2019. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó máa gbà á.

Àmọ́ ẹni tí wọ́n pè síbi ìgbéyàwó ní Treichville tàbí Yopougon kò láǹfààní láti yan ìmọ́lẹ̀. Iná gbọ̀ngàn ló máa lò, aago tí ìyàwó bá wọlé ló sì máa yà á. Ibẹ̀ ni sẹ́ńsọ̀ ńlá àti lẹ́ńsì gidi ti ń san owó wọn padà.

Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ ló máa wá tòkunbọ̀, èyí tí àwọn ará Abidjan ń pè ní "France au revoir". Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, àmọ́ ìdánwò méjì tún wà fún un.

Ẹ yí lẹ́ńsì sí f/16, tàbí nọ́ńbà tó tóbi jù tó ní, kí ẹ ya ojú ọ̀run tí kò ní ìkùukùu. Tí ẹ bá rí àbàwọ́n dúdú roboto, eruku ti wọ ojú sẹ́ńsọ̀. Nítorí pé lẹ́ńsì kò ṣeé yọ, ẹ kò lè nù ún fúnra yín. Atúnṣe ló máa tú u, owó ló sì máa gbà.

Ìkejì, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú lẹ́ńsì. Ohun tó bá ta bí òwú aláǹtakùn nínú rẹ̀ jẹ́ èbu. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà Ébrié ní ọ̀rinrin púpọ̀, kámẹ́rà tí wọ́n bá tì mọ́ inú dúrọ́ọ̀ lè hu èbu. Ẹ máa fi àpò kékeré tó ń fa omi sínú báàgì rẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó sanwó

Yálà ọjà Black Market ní Adjamé lẹ ti ń rà á ni o, tàbí ṣọ́ọ̀bù alámùúlétutù ní Plateau, ìbéèrè kan náà ni kí ẹ bi ẹni tó ń tà á: "Ṣé ẹ máa jẹ́ kí n fi káàdì tèmi dán an wò?"

Bó bá gbà, ẹ fi ọjọ́ kan gbáko ṣe ìdánwò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Bó bá kọ̀, ẹ kí i, kí ẹ sì máa lọ. Owó iṣẹ́ ọdún kan tó ohun tí èèyàn ń fi ọjọ́ kan yẹ̀ wò.